Abẹ́rẹ́ tó ń mú awọ orí kú àbí mọfíìnì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ yọ kókó kan nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Dókítà tó máa fún wọn lóògùn oorun ní àwọn lè gún abẹ́rẹ́ bupivacaine yí orí wọn ká kí awọ ibẹ̀ kú, kó má mọ ìrora fúngbà díẹ̀, tàbí kí àwọn gbára lé fentanyl àti mọfíìnì, àwọn oògùn ìrora tó lágbára. Ó ní ká lọ rò ó.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ orí àti awọ tó bo ọpọlọ ló ń ro èèyàn. Àní bí wọ́n bá fi irin onímú di orí mú kó má baà mì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ga lójijì, bí èèyàn tilẹ̀ ń sùn.

Mọfíìnì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó lè mú wọn bì, kó mú wọn tòògbé, kó sì dín mímí wọn kù. Bí mímí bá sì dín kù, ìfúnpá inú agbárí á ga. Báwo ni nọ́ọ̀sì á ṣe mọ̀ bóyá oògùn ló ń kùn wọ́n, tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú orí? Àmọ́ abẹ́rẹ́ orí náà kì í pẹ́ púpọ̀, wákàtí mélòó kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti là á kọjá, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tíátà, ṣé wọ́n máa ń lo méjèèjì pọ̀? Kí ni wọ́n fún yín lóru àkọ́kọ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ ti kúrò lára? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ló yẹ kí n bi dókítà ká tó fọwọ́ síwèé?