Irin ìbàdí tó kọ̀ tí kò jáde: ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Tánà Láfẹ̀ńwá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ léètì ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Bùṣì, ṣáàfù, púlà tí wọ́n fi ń yọ bẹ́rìn, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2019, dókítà eegun kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé irin kan kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú egungun itan bí ìbàdí bá bàjẹ́. Ihò kan wà lórí rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n de púlà mọ́, ṣùgbọ́n eyín ihò náà ti jẹ. Ó ní ṣé mo lè ṣe ohun tí yóò di irin náà lọ́rùn mú, kí òòlù tó ń yọ̀ lórí ọ̀pá máa fà á sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, púlà lásán nìyí."

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo ya ọwọ́ rẹ̀ ní ilà wẹ́wẹ́ kí ó má baà máa yọ̀. Ó rẹwà! Dókítà kàn fi èékánná fa inú ilà yẹn, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ á jókòó síbí, búrọ́ọ̀ṣì ò sì ní débẹ̀." Ìkejì, irin lásán ni mo fi ṣe é. Wọ́n kó o sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́, ooru ìwọ̀n 134, ó jáde bí ìṣó tó sùn sínú òjò. Ìkẹta ni mo fi irin tí kì í dípẹtà ṣe. A ra egungun itan màlúù lọ́dọ̀ àwọn alápatà ní Láfẹ̀ńwá níbí, ó fi sìmẹ́ńtì wọn gbin irin sínú rẹ̀, ó ní kí n fà á. Mo gbá òòlù yẹn títí. Egungun là sí méjì, irin ò kúrò lára sìmẹ́ńtì. Dókítà ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Fífà kọ́ ni iṣẹ́ náà."

Ẹ̀yin tó ti rí i ní tíátà, tàbí tí wọ́n ṣe é fún, ẹ wá sọ tiyín.

ỌmọLísàbi:
Ẹ dúró ná. Ẹ ti lo púlà yẹn fún èèyàn??

Adérónkẹ́:
Ohun tí èmi náà fẹ́ bèèrè nìyẹn.

Tánà Láfẹ̀ńwá:
Rárá o! Kò kan ara ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, lórí egungun màlúù.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Òótọ́ ni dókítà yẹn sọ. Mo ti dúró ti iṣẹ́ yìí nígbà púpọ̀, Abẹ́òkúta kọ́ o. Ní tèmi, èyí tí wọn ò fi sìmẹ́ńtì sí rárá ló burú jù. Ara irin náà rí ságaṣàga, egungun á hù wọ inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan. Bíléèdì tín-ínrín tó ń tẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ àárín wọn, díẹ̀díẹ̀, yíká yíká. Bí ó bá nípọn jù, á la egungun. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, á ká. Ìgbà tí wọ́n bá gé e tán ni púlà tó wúlò.

Ti ife ìbàdí, èyí tí wọ́n ń gbìn sínú egungun ìdí kí orí irin itan lè máa yí nínú rẹ̀, tún yàtọ̀. Bíléèdì tiẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ẹnu ìgbákọ, ó ń yí lórí bọ́ọ̀lù kan tó jókòó sáàárín ife. Kúkúrú ló ń ṣíwájú, gígùn á tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ife àti ti bíléèdì gbọ́dọ̀ bára mu. Lọ́jọ́ kan, ife 52 ló wà lára ìyá àgbà kan. A tú páálí: 50 wà, 54 wà. Gbogbo tíátà dákẹ́. Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ 52. Bíléèdì ọwọ́ lásán ló padà fi ṣe é, ó ju wákàtí méjì lọ, egungun tó bá ife jáde pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Ìbejì Adátán:
"Bí ẹni pé èmi ni mo jẹ 52" 😂😂 Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní pa mí.

Mọrẹ́nikẹ́:
Èmi ni wọ́n ṣe é fún. SS ni mí. Ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan mi mọ́, orí náà kú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 26. Ọdún kẹsàn-án, irin bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé wa tán ní Ìkìjà, mo ti dúró lẹ́ẹ̀mẹta.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, mi ò sùn. Mo gbọ́ hámà. Kò dùn mí o, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó, kó, kó. Wọ́n á dúró. Kó, kó. Ohùn kan ní, "Kò mira." Ẹ bá mi gbé e wò, kí ẹ wà láyé kí ẹ máa gbọ́ "kò mira" nípa itan ara yín! Nígbẹ̀yìn, wọ́n la egungun itan mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí fèrèsé, wọ́n yọ irin, wọ́n pa á dé, wọ́n fi wáyà dì í.

Ohun tó dùn mí ṣì ni pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n bi mí pé ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe irin náà. Mi ò mọ̀. Fáìlì mi ti sọnù níbi tí wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó wá torí wọn ò mọ èyí tó máa bá a mu. Owó ta ni? Owó tèmi. Ẹ gba stíkà irin yín o, èyí tó ní orúkọ àti nọ́ńbà.

Adérónkẹ́:
Orúnkún ni ti màmá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tú àpótí wọn ni. Stíkà wà lẹ́yìn káàdì, mo ti ya fọ́tò. Ẹ ṣeun, àǹtí.

Fẹ́mi Òkè-Ìlẹ̀wọ́:
Ṣé kò sí kẹ́míkà tí wọ́n lè dà sí góòmù yẹn kó yọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Kì í ṣe góòmù, kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì Ewékorò. Ike ni, ìbátan èyí tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Kò lẹ̀, ó wọ inú ihò egungun, ó le, ó há síbẹ̀. Kẹ́míkà tó bá lè yọ́ ọ, kí ló máa ṣe fún ẹran ara? Ẹ̀rọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n kíákíá débi pé sìmẹ́ńtì á rọ̀ níwájú rẹ̀. Tó bá kan egungun líle, á han, ọwọ́ dókítà á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í sáábà rí i lò níbí. Bíléèdì àti sùúrù la fi ń ṣe é.

Onígbàgbọ́ Ewé:
Ká ní ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, irin ò ní wọ ara yín.

Mọrẹ́nikẹ́:
Ẹ má bínú, sà. Orí egungun tó ti kú, ta ló tò ó rí?

Onígbàgbọ́ Ewé:
Mo kàn sọ tèmi ni.

Tíṣà Fíísíìsì:
Tánà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Charnley, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pípààrọ̀ ìbàdí di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, ní léètì tiẹ̀ nílé. Ike Teflon ló kọ́kọ́ fi ṣe ife. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tó fi jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló padà ń yọ ọ́ lára àwọn aláìsàn rẹ̀. Ní 1962, wọ́n mú ike mìíràn wá. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ má fi àkókò ṣòfò, ó bá tirẹ̀ lọ. Harry Craven, tó ń bá a ṣe irinṣẹ́ ní Wrightington, ilé ìwòsàn tí Charnley ti ń ṣiṣẹ́, gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá fi dé, ike yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tíì jẹ rárá. Òun náà ni ìdílé ike tí wọ́n ń lò títí dòní.

Bàbá Ìbejì Adátán:
Èékánná dókítà àti tánà, ìjà yẹn ti pẹ́!

Mẹkáníìkì Ìta-Òṣìn:
Ẹ̀ ń yin tánà Láfẹ̀ńwá. Bùṣì tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ló lò.

Tánà Láfẹ̀ńwá:
Ìwọ lo mú irin pàǹtí wá. Mo sọ fún ọ lójú ẹ.

Mẹkáníìkì Ìta-Òṣìn:
Háà, ẹ̀yin náà ni? Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ gba tọkọ̀ mi kan sí i lọ́la.

Tánà Láfẹ̀ńwá:
Bí iná bá wà. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, bíléèdì 52 yẹn, ṣé ó le látòkè délẹ̀ ni àbí ẹnu nìkan?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Tánà, ẹ má rò ó.

Tánà Láfẹ̀ńwá:
Ti màlúù ni mo fẹ́ ṣe.

ỌmọLísàbi:
Màlúù wo ló ń wọ ife 52?