Àwo tí wọ́n tún gbé jáde: àtúnṣe ni àbí àtúntẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́, mo kí yín o. Ẹ ní bí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù bá tún gbé àwo àtijọ́ síta, "àtúnṣe" ni ká máa pè é, kí àwo tí akọrin kọ́kọ́ ṣe sì máa jẹ́ "àkọ́bí". Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Vashti Bunyan tí ẹ mẹ́nu bà, akọrin onígìtá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin láti London, ó forí lé àwọn erékùṣù Hebrides ní Scotland, ojú ọ̀nà ló sì ti ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú orin àwo rẹ̀. Joe Boyd ló bójú tó gbígbà àwo náà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Philips gbé e jáde ní 1970. Kò tà. Obìnrin náà bá pa orin tì, ó gbájú mọ́ ọmọ títọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n tó tún un gbé jáde lórí síídì, ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá a kiri.

Kí ni wọ́n wá tún ṣe níbẹ̀? Ohùn yẹn náà ni, gìtá yẹn náà ni. Bí ẹ bá gbé rédíò lọ fún àtúnṣe nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé kí ló ṣe é. Kò sí ohun tó ṣe àwo Bunyan, àfi pé èèyàn ò rà á.

"Àtúntẹ̀" ni tèmi. Inú ìwé la ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó bá àwo mu gan-an: òǹtẹ̀ irin méjì ni wọ́n fi ń tẹ ike gbígbóná kí ipa orin tó hàn lára rẹ̀. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ síídì náà. Èyí tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n gbé e sí, kó máa jẹ́ "àtúngbéjáde", bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Àkọ́bí ńkọ́? Àkọ́bí ń retí àbúrò, 2005 ni àwo Bunyan kejì sì tó dé. Ẹnì kan dábàá "àkọ́ṣe". Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lára rẹ̀ bí àwọn oníwèé ìròyìn ti ń ṣe, babaláwo á rò pé àkóṣe là ń wí! Ẹni tó ń wá ìjálá Ògúndáre Fóyánmu lọ́dọ̀ wa níbí, "èyí tó kọ́kọ́ ṣe" ló máa béèrè. "Àwo àkọ́kọ́" ti tó.

Ó ku àwọn orin díẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́yìn síídì 2000 yẹn, tí kò sí nínú ti 1970. Ẹ pè wọ́n ní "àfikún". Ṣé àwọn ìyá ọlọ́jà Akẹ̀sán ò ní fi yín ṣẹ̀sín báyìí? Èènì ni. Ẹni tó ra síídì yẹn ti sanwó àwo àtijọ́ tán kí wọ́n tó bù wọ́n sí i.