Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà tó ti jẹ: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ rántí pé mo ní n ó sọ bí a ṣe tún àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé màmá mi ṣe. Mo ti sinmi báyìí, ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn rí mọ̀ pé orí òkè la kọ́lé sí. Ilé kan náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lè jókòó sílẹ̀ kí iwájú rẹ̀ máa nàró. Láti ilẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa, ínṣì 35 ni, ìpele 5 ni bàbá wa sì fi gun ún nígbà tí wọ́n kọ́lé. Iṣẹ́ tí àtẹ̀gùn yẹn ò ṣe kò sí. Orí ìpele kejì ni màmá ti ń pa ẹ̀kùrọ́. Etí ìkẹta ni gbogbo wa ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Bí Iléyá bá ku ọ̀la, ṣe la máa ń tò síbẹ̀, àwọn ará ilé kejì náà á gbé àdá wọn wá. Ibẹ̀ ti jẹ wọnú bí inú ṣíbí. Ìpele ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ wà níbi tí omi òrùlé ń kán sí, ihò sì ti tò sí i lára bíi ti ọpọ́n ayò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti rẹ́ ẹ. Àpò sìmẹ́ńtì kan, yanrìn díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó parí. Ọdún kan ò ní pé tí èyí tí a rẹ́ yóò fi máa ṣí bí èépá ojú egbò. Ohun tí a ò fọkàn sí ni pé gbogbo rírẹ́ yẹn ń gbé àwọn ìpele náà ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ínṣì 9, ìkejì 7, ìkẹta 7, ìkẹrin 8, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 4 péré. Ẹsẹ̀ kì í wojú ilẹ̀. Bí ìpele àkọ́kọ́ bá ṣe ga tó lẹsẹ̀ á ṣe máa gbé ara rẹ̀ lọ. Ibi ínṣì 4 yẹn ni màmá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, abọ́ ẹ̀wà wà lọ́wọ́ wọn. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fi gba ara wọn dúró, ó sì dá. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi gbé ọwọ́ kọ́rùn.

Bíríkìlà tí mo pè wò ó yí po, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú ara yín. Ká kàn rẹ́ ẹ ni, àpò kan ti tó." Mo ní rárá, ẹ wó o. Ó wojú mi bí ẹni tí mo ní kó wó ilé bàbá tirẹ̀.

Sílẹ́jì àkọ́kọ́ tó sọ sí i, ńṣe ló rì wọlé. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tò ó yípo, wọ́n wá da iyẹ̀pẹ̀ sí àárín rẹ̀: iyẹ̀pẹ̀, àfọ́kù ìgò, àpáàdì, àti bàtà ọmọdé ẹyọ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Iyẹ̀pẹ̀ náà ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ki apá mi bọ ààrin àtẹ̀gùn àti ògiri ilé títí dé ìgúnpá. Èkúté ti la títì tirẹ̀ síbẹ̀. Orí òfo la ti ń rẹ́ sìmẹ́ńtì sí ní gbogbo ọdún yìí.

A gbẹ́ ilẹ̀ títí a fi kan èyí tó pupa tó sì le, ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a sì lù ú mọ́lẹ̀ dáadáa. Àfọ́kù àtẹ̀gùn àtijọ́ la dà pa dà sí àárín gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, kò sídìí kéèyàn tún sanwó kó o dànù. Àpò sìmẹ́ńtì 1, hẹ́dìpáànù yanrìn 4, ti gíráníìtì 8, bí a ṣe pò ó nìyẹn. Mo gbé àga tì í. Bí mo bá yíjú báyìí, lébírà á tún bu omi sí i kó lè rọrùn fún un láti yí. Omi tó pọ̀ jù ló ń sọ kọ́ńkéré di ẹ̀kọ, bó bá sì gbẹ tán, ihò ni omi náà máa fi sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì yín náà: 42.5 ni kẹ́ ẹ rà. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti sọ pé rírẹ́ ògiri nìkan ni 32.5 wà fún.

Bíríkìlà fẹ́ ṣe ìpele 5, ínṣì 7 géérégé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ dáa, àmọ́ orúnkún màmá kọ́ ló wọ̀n. Mo ní kó pín in sí 6, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tó ínṣì 6, kí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 12. Àpò 6 ló gbà, ní 2024 tí sìmẹ́ńtì ń gùn bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Iye tí wọ́n dá fún mi láàárọ̀, wọ́n ti yí i pa dà nírọ̀lẹ́. Mo tún fi gọ́tà sétí òrùlé, torí bí omi yẹn bá ṣì ń kán síbẹ̀, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ 7 la fi da àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, à ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀yìnkùlé la sì ń gbà wọlé. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bíríkìlà Ẹ̀gbá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá, Màmá kú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà wa díẹ̀. Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé wíwó ni, á ní mo fẹ́ jẹ owó òun. Á lọ pe ẹlòmíràn tí yóò rẹ́ ẹ fún un láàbọ̀ iye tí mo dá. Nígbà tó bá ṣí, èmi náà ni wọ́n á tún pè. Ọ̀pọ̀ wa ló ti kọ́ láti sọ ohun tí oníbàárà fẹ́ gbọ́.

Ní Abẹ́òkúta níbí, òkúta ni wàhálà tiwa. Ilé kan wà ní Ìtòkò tí àtẹ̀gùn rẹ̀ là gbọọrọ láti òkè délẹ̀, bí ẹni fi ayùn là á. Bàbá onílé ti ní ayé ló ń bá òun jà. A gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, a rí i pé ìdajì jókòó lé orí àpáta, ìdajì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n kó wá dí i. Apá kan ń rì, apá kan kò mira. Ojú ibi tí àpáta parí sí gan-an ló gbà là. Ṣe la wó apá tó wà lórí ilẹ̀ rírọ̀, a gbẹ́ ẹ lọ bá àpáta nísàlẹ̀, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ bá káfíńtà yín sọ ọ̀rọ̀ pákó iwájú tó ń di kọ́ńkéré ìpele kọ̀ọ̀kan mú. Kó fá etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà sẹ́yìn, kí táwẹ́ẹ̀lì tí bíríkìlà fi ń rẹ́lé lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ títí dé kọ̀rọ̀. Bí pákó bá dúró gbọn-in láìfá, ìlà kan á ṣẹ́ kù tí táwẹ́ẹ̀lì ò dé, ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí. Látìsàlẹ̀ lọ sókè ni ẹ ó ti máa dà á. Ẹ máa fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ pákó bẹ́ ẹ ṣe ń dà á lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ bá tú u tán, ẹ ó rí ihò bíi ti afárá oyin. Kó tó gbẹ tán, ẹ fa ìgbálẹ̀ kọjá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ìgbálẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ń dì mú nígbà òjò. Ẹ sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà díẹ̀ síwájú, bí ìdámẹ́rin ínṣì.

Bàbá Ìbejì Ìkòròdú:

Èmi ò wó nǹkan kan ní tèmi, táìsì ni mo tẹ́ lé e. Funfun tó ń dán, ìyàwó mi ló mú un. Ẹni tó bá ti ẹnu géètì wò ó á rò pé ilé mínísítà ni. Oṣù keje la sọ ọmọ lórúkọ, òjò sì rọ̀ ní kùtùkùtù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ agbádá, fìlà abetí-ajá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé ìpele òkè, ìdí ni wọ́n fi délẹ̀. Ìpele 4 ni wọ́n jókòó sọ̀. Ọlọ́run ṣe é, aṣọ nìkan ló ya. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ilé yìí ò fẹ́ràn mi," wọ́n sì gba ọ̀nà wọn lọ láìjẹun.

Ọjọ́ kejì ni mo fi òòlù ṣí gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo bá lábẹ́ táìsì? Kọ́ńkéré tó ti sán tẹ́lẹ̀, tí mo fi owó ńlá bò mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Chicago:

Ẹ̀yin ń sọ ti òjò. Yìnyín ló jẹ tèmi. Ìpele 4 ni, ara rẹ̀ ń bó bí awọ ejò, gíráníìtì inú rẹ̀ ti yọjú síta. Omi á wọ inú ihò tíntìntín tí ojú ò rí, òtútù á dé, á dì, omi tó bá dì a sì máa wú. Bó bá yọ́, òmíràn á tún wọlé. Gbogbo ìgbà òtútù lèyí ń ṣe, èmi náà sì ń fi iyọ̀ tí mò ń dà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú ràn án lọ́wọ́.

Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ fi nǹkan kan kùn ún, ó gbowó, ó lọ. Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ó ti bó tán. Ẹnì kejì ló wó o. Ìpìlẹ̀ tó gbẹ́ lọ sílẹ̀ tó ínṣì 42, mo rò pé ó ń gbẹ́ kànga ni. Ó ní òtútù Chicago lè dì dé ibẹ̀, ilẹ̀ tó bá dì yóò gbé àtẹ̀gùn sókè, yóò sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí ibòmíràn. Kọ́ńkéré tó dà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí omi tó ń dì lè ráyè wú sí. Bí bíríkìlà Ìjẹ̀bú-Òde bá gbọ́ èyí, á ní a ti gba ìgbàkugbà.

Ẹni tí ìjọba rán wá yẹ̀ ẹ́ wò fi téèpù wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà níbí, èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ fi ju ínṣì 3/8 lọ jura wọn lọ. Ẹ̀yin ẹ fi 9 àti 4 wéra, ẹ wá rí i.

Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ da iyọ̀ sí i nígbà òtútù àkọ́kọ́, yanrìn ni kí n máa dà. Màmá mi tó wá kí wa dìde láàárọ̀, ó rí yanrìn lẹ́nu ọ̀nà, ó gbálẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀gbẹ́ni tó ń pín lẹ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú níbẹ̀.

Àbúrò Ṣadé:

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, ẹ ò sọ ti irin ìdìmú. Ṣé ẹ fi sí i? Ìyá wa náà ti ń fọwọ́ ra ògiri.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Àbúrò, mo fi sí i, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí ọwọ́ màmá ti lágbára. Kí wọ́n tó da kọ́ńkéré ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wẹ́dà wá gbìn ín. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ó lu ihò tó bá yá, etí rẹ̀ lẹ máa fọ́.

Bíríkìlà Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí. Mo san owó wíwó fún ọkùnrin yẹn lọ́tọ̀, mo sì ti fún àwọn ará ilé kejì ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún tí a dà á, mo ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo gbọ́ ṣà, ṣà, ṣà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìró láyà. Màmá ti ṣí àpò ìdọ̀họ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jókòó lórí ìpele ìsàlẹ̀, ọwọ́ tó dá ṣì wà lọ́rùn, èyí tó kù di ọ̀bẹ mú, wọ́n ń pọ́n ọn létí ìpele kẹta. Mo ní, "Màmá!" Wọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ wò, wọ́n ní, "Èyí mú ju ti bàbá yín lọ."