Owó àtìlẹ́yìn ni, kì í ṣe ẹ̀bùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làálàá èdè. Àbá kan wà nílẹ̀ pé, tí a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá, kí á máa pe owó tí ìjọba ń fún àwọn eléré orí ìtàgé tó ń ti ìlú dé ìlú ní "ẹ̀bùn ìjọba". Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó fúnni lẹ́bùn kì í padà wá béèrè rìsíìtì. Owó yìí ní fọ́ọ̀mù, ó ní iṣẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ, tí wọ́n bá sì ná an tán, wọ́n á jíhìn.

Ẹlòmíì ní "owó ìrànwọ́". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ "owó ìrànwọ́ orí epo" ti kún etí wa jù. Ilé epo lọkàn olùgbọ́ á kọ́kọ́ lọ.

"Owó àtìlẹ́yìn" ni tèmi. Ẹ wo Austrálíà. Ètò tí wọ́n ń pè ní Playing Australia, owó ojú ọ̀nà ló ń san: ọkọ̀ tó ń kó ẹrù eré, owó ọkọ̀ àwọn òṣèré, ibi tí wọ́n máa sùn, kí eré lè dé àwọn ìlú tó jìnnà sí Sydney àti Melbourne. Eléré ló ń lọ níwájú, ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí á pè é ní "owó onígbọ̀wọ́" o. Onígbọ̀wọ́ ni ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kí á máa pariwo orúkọ òun lórí ètò.

"Eré alárìnjó" kò nílò àtúndá. Ó ti wà kí Hubert Ògúndé tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Àfihàn ló le. Ètò ìjọba Austrálíà mìíràn, Visions of Australia, ń náwó sórí àfihàn tó ń kúrò ní mùsíọ́mù kan bọ́ sí òmíràn, ẹnì kan sì kọ ọ́ ní "àfihàn alárìnjó". Àwòrán kì í rìn, kì í jó. Èèyàn ló ń dì í sínú àpótí, tó ń gbé e. "Àfihàn àgbékiri" ni kí á kọ.

Fún Festivals Australia, ètò wọn tó ń náwó sórí iṣẹ́ ọnà níbi ayẹyẹ ìlú, "àjọ̀dún" ni kí á fi túmọ̀ "festival", kì í ṣe "ọdún" lásán. Ẹni tó bá ka "owó àtìlẹ́yìn ọdún" á rò pé ọdọọdún ni wọ́n ń san án.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni òṣìṣẹ́ tó máa ń bá ẹrù àfihàn rìn, tó ń ṣí àpótí, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan ti sán tàbí ya lọ́nà. Ta ló ní in lọ́wọ́?