Ìlò "used to" nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: kí ni ó túmọ̀ sí, kí ni ó sì yẹ kó tẹ̀ lé e?

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè lórí àpólà ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo máa ń bá pàdé lójoojúmọ́, tí kò sì yé mi dénú. Mo rí gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: "I used to read at night", "I am used to reading at night", àti "I use to read at night". Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sọ pé ìtumọ̀ méjì àkọ́kọ́ jìnnà sí ara wọn, àti pé ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ tọ̀nà. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn? Kí ló dé tí "read" fi tẹ̀ lé ọ̀kan, tí "reading" sì tẹ̀ lé èkejì? Bí mo bá fẹ́ yí i sódì ńkọ́, ṣé lẹ́tà "d" yóò ṣì wà níbẹ̀? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lè là á yé mi.

Olùkọ́-Gẹ̀ẹ́sì fèsì:

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sọ Yorùbá. Nínú èdè wa, "máa ń" ni a fi ń sọ ohun tó jẹ́ bárakú, ì báà jẹ́ pé a ṣì ń ṣe é, ì báà jẹ́ pé a ti fi í sílẹ̀. Bí mo bá sọ pé "Mo máa ń kàwé lóru", ẹni tó gbọ́ ọ kò lè mọ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe náà nìkan bóyá mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí mo bá fi "tẹ́lẹ̀" tàbí "nígbà kan rí" kún un. Afànámónìí ni àwọn onígírámà Yorùbá ń pe àsìkò yìí, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí àná àti òní jọ wà nínú rẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ya bárakú àtijọ́ sọ́tọ̀, "used to" sì wà lára ohun tó fi ń yà á sọ́tọ̀.

Nítorí náà, "I used to read at night" túmọ̀ sí "Mo máa ń kàwé lóru tẹ́lẹ̀". Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí àṣà náà bá ṣì wà títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò kò ní "use to" fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ni wọ́n ń lò, "I read at night", tàbí kí wọ́n fi "usually" ṣáájú rẹ̀, "I usually read at night". Ohun tó ba gbólóhùn kẹta yín jẹ́ nìyí: ẹni tó kọ ọ́ ní "máa ń" lọ́kàn, ó sì wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi dípò rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe ìṣe nìkan ni "used to" ń sọ, ó ń sọ ipò tí nǹkan wà náà. "She used to be shy" túmọ̀ sí pé ojú máa ń tì í tẹ́lẹ̀. "There used to be a bridge here" ń sọ pé afárá kan wà níbí nígbà kan rí. Nínú èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, ẹnikẹ́ni kò ṣe ohunkóhun, "máa ń" kò sì wọ inú rẹ̀ rárá ní Yorùbá, síbẹ̀ "used to" bá a mu rẹ́gí, nítorí ohun tó wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́ ni à ń sọ.

Ògbufọ̀ fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí olùkọ́ wí, àfi ibì kan tí n ó fi díẹ̀ kún. Lóòótọ́ ni "used to" máa ń jẹ́ kí a gbà pé nǹkan ti dópin, ṣùgbọ́n kò fi dandan sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè sọ pé "I used to visit her every week, and I still do", kí ọ̀rọ̀ náà má sì ta ko ara rẹ̀.

Ní ti "I am used to reading at night", ọ̀tọ̀ gbáà ni. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé kíkà lóru ti mọ́ mi lára, kò ni mí lára mọ́. Ẹ kíyè sí bí èdè méjèèjì ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà. Ní Yorùbá, nǹkan náà ni olùwà gbólóhùn, òun ló ń mọ́ni lára: "Ariwo náà ti mọ́ mi lára." Ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ni olùwà: "I am used to the noise." "To" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú "I want to go". Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, bíi ti "I look forward to seeing you", ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ohun tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí "read" fi di "reading", gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ "kà" di "kíkà" kí ó tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ṣe ògbufọ̀, tí kò sì dá mi lójú, "accustomed to" ni mo máa ń fi rọ́pò "used to". Bí ìtumọ̀ gbólóhùn náà bá dúró, a jẹ́ pé ìlò kejì yìí ni.

Nítorí pé "be" ló ń gbé àsìkò níbí, gbólóhùn náà lè jẹ́ ti àná, ti òní tàbí ti ọ̀la: "He was used to being alone", "You will be used to it by then". Bí a bá sì fi "get" sí ipò "be", bí nǹkan ṣe ń mọ́ni lára díẹ̀díẹ̀ ni à ń sọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lè wí pé "I am getting used to waking up early".

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ "kà" àti "kíkà" yẹn là mí lójú. Ẹ jọ̀wọ́, mo tún rí i pé wọ́n ń lo "would" fún ohun àtijọ́, bíi "Every evening, my grandfather would tell us a story". Ṣé iṣẹ́ kan náà ni òun àti "used to" ń ṣe? Mo sì ṣì ń retí èsì lórí lẹ́tà "d".

Olùkọ́-Gẹ̀ẹ́sì fèsì:

Wọ́n pàdé níbi ìṣe tó ń wáyé léraléra, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú bá ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ayé àtijọ́ ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n "would" kò lè rọ́pò rẹ̀ níbi tí ó bá jẹ́ ipò ni. "I used to have long hair" dára. Bí ẹ bá sọ pé "I would have long hair", ẹni tó ń gbọ́ yóò máa dúró de "bí", nítorí yóò dún létí rẹ̀ bíi "ǹ bá ní irun gígùn".

Bí ẹ bá sì ti ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tàbí iye ọdún tó gbà, ẹ fi "used to" sílẹ̀. "I lived there for six years" ni wọ́n ń sọ, àti "I went there four times".

Afetísílẹ̀ fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti "d", nítorí ìpè ló fa ọ̀ràn rẹ̀. Nínú ìlò méjèèjì tí a ti ń sọ bọ̀, ìró "s" gan-an ni wọ́n ń pè, bíi ti inú "ọ̀sẹ̀", "d" sì ti wọnú "t" tó tẹ̀ lé e débi pé etí kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ yóò kọ "use to". Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ pé à ń fi nǹkan ṣiṣẹ́ ni, bíi "This key is used to open the gate", ìró "z" tí Yorùbá kò ní ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ́tí sí ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ náà kedere.

Ní ti ìyísódì àti ìbéèrè, "did" ti gbé àsìkò àná, nítorí náà "d" kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù: "I didn't use to like him", "Did you use to work here?" Ẹ ó rí àwọn tó ń kọ "didn't used to", ó tilẹ̀ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a fẹ́ kí ó gún régé, èyí tí kò ní "d" ni kí ẹ mú. Ìlò kejì ní tirẹ̀ kì í sọ "d" nù láéláé: "I am not used to this." Bẹ́ẹ̀ náà ni "I never used to like him", níbi tí kò ti sí "did" kankan tó gba àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀.