Iná tó ń jò díẹ̀díẹ̀ gba ibi tí kò yẹ kó gbà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ iná 11 àti 33 kV (kV kan jẹ́ 1,000 volt), báwo lẹ ṣe ń tètè mọ̀?

Megger, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ohun tó bo wáyà ṣe ń dènà iná tó, la sábà máa ń kọ́kọ́ gbé, òun náà la sì ń ṣì lò jù. Bó bá jẹ́ tiransifọ́mà 33/11 kV, ẹ pa á lápá méjèèjì, ẹ fi wáyà áàtì kàn án kí iná tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ wọlẹ̀, kí ẹ tó tú wáyà ẹnu bushing (ọrùn tánganran tí wáyà ń gbà wọnú rẹ̀). Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu tánganran rẹ̀. Ẹ wá fi 5,000 volt dán apá 33 sí áàtì wò, apá 11 sí áàtì, àti 33 sí 11. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ẹ yí wáyà ìhòhò mọ́ tánganran, ẹ so ó mọ́ ẹnu G (guard) lára Megger, kí iná tó ń rìn lójú tánganran má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tó ń gba inú kọjá.

Ẹ kọ ìgbóná ọ́ìlì sílẹ̀ o! Bó bá fi 10°C gbóná sí i, iye megohm tí Megger ń kà á dín sí bí ìdajì. Ẹ̀rọ tó fún yín ní 2,000 ní 30°C lè fi 500 hàn ní 50°C, kó má sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìwé ọdún tó kọjá ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní.

Bí ẹ bá fi Megger dán an wò fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi wáyà áàtì sílẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn náà fún ìṣẹ́jú 40, ó kéré tán.

Èsì:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ PI (polarization index) táwọn kan ń fi ṣe ẹlẹ́rìí, ìyẹn ká fi iye megohm ti ìṣẹ́jú 1 pín ti ìṣẹ́jú 10, mọ́tò iná àti jẹnẹrétọ̀ ló ni ín. Tiransifọ́mà tí ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ lè fún yín ní 1.2 kí ara rẹ̀ sì le koko. Ọ́ìlì gan-an ni kí ẹ bi léèrè.

Kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bù ú, torí ìsàlẹ̀ lomi ń sùn sí. Ẹ da lítà 1 sí 2 àkọ́kọ́ nù, ẹ fi ọ́ìlì ọ̀hún ṣan ìgò, kí ẹ wá rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ kó má baà hó. Nínú ẹ̀rọ ìdánwò ọ́ìlì, àlàfo 2.5 mm ló wà láàárín irin méjèèjì. Ẹ máa gbé iná sókè ní 2 kV ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí iná á fi fò kọjá nínú ọ́ìlì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ máa sinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín. Bí àròpọ̀ tẹ́ ẹ pín sí mẹ́fà kò bá tó 30 kV, kò dáa. Ó yẹ kó ju 40 lọ. Bí iye náà bá ń lọ sókè sódò, 52, 28, 47, ìdọ̀tí tàbí fọ́nrán ló wà nínú rẹ̀.

Gáàsì tó wà nínú ọ́ìlì náà ló ń tètè tú àṣírí. Hydrogen tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀: iná kéékèèké ń ta nínú àlàfo kan. Ethylene: ọ́ìlì ń gbóná jù níbì kan. Carbon monoxide: bébà tó wé wáyà ló ń gbó. Acetylene, kódà bó kéré: iná ńlá ló ń bẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ tap changer (ohun tó ń yí ìwọ̀n volt tiransifọ́mà padà) wò: bí ọ́ìlì tiẹ̀ bá ń jò wọ táǹkì ńlá, acetylene á hàn láìsí àrùn kankan.

Èsì:
Orí kébù XLPE (kébù tí ike wé wáyà rẹ̀) ńkọ́? Níbi tí wọ́n ti bó awọ dúdú, bí ọ̀bẹ bá ha awọ funfun, kó tín-ín-rín bí irun, afẹ́fẹ́ á dúró sójú ọgbẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni iná á ti máa ta. Ẹ fi sandpaper bó o dán, kí ẹ nu ún láti funfun lọ sí dúdú, kì í ṣe láti dúdú bọ̀ wá sí funfun. Ẹ má fi DC (iná bí ti bátìrì, tí kì í yí padà) dán kébù tó ti gbó wò, iná rẹ̀ ń há sínú awọ funfun náà, AC tó ń yí díẹ̀díẹ̀, ti 0.1 Hz, ni kí ẹ lò.

Bí páánẹ́ẹ̀lì bá ń ta ṣaṣa bí ẹ̀pà nínú epo, tí lẹ́búlẹ́bú funfun wà nínú rẹ̀, ẹ yẹ hítà tó ń lé ọ̀rinrin nínú rẹ̀ wò. Ó sábà máa ń ti jó.

Èsì:
Àti eruku ọyẹ́. Ẹ pa iná, kí ẹ nu insulator (tánganran tó gbé wáyà dúró) kó tó di òjò àkọ́rọ̀. Eruku gbígbẹ kò ṣe nǹkan, òjò ńlá sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ìrì àti òjò wínníwínní ló ń sọ ọ́ di ọ̀nà fún iná.