Ṣé ọjọ́ orí ló ń yí èrò òṣèlú èèyàn padà, àbí ohun tí ojú rí?

Asanwó-Oṣù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jà gùdù lọ́kàn mi, mo ní kí n gbé e síwájú yín.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 22, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá bi mí léèrè nígbà náà, n óò ní kí ìjọba gba gbogbo iléeṣẹ́ ńláńlá, kí wọ́n sì bu owó orí lé àwọn olówó títí wọn yóò fi máa lọgun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé agbanisíṣẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀gàn ni mo máa fi dá a lóhùn.

Mo ti di ẹni ọdún 44 báyìí, èmi gan-an sì ti di agbanisíṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré ni, àwa mẹ́fà la wà ńbẹ̀. Bí oṣù bá ń parí lọ, mo máa ń jókòó ti ìwé ìṣirò: owó oṣù àwọn èèyàn mi ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà owó orí, owó ìfẹ̀yìntì wọn, owó ilé tí a háyà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tèmi, oṣù míì sì wà tí nǹkan kan kì í ṣẹ́kù. Fọ́ọ̀mù kan wà tí a ń kún fún ìjọba lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá wọ́n fi ojú-ewé mẹ́rin kún un, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún mi ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án ṣe. Orí ìbéèrè kẹsàn-án yìí ni mo wà tí mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Àwọn ìjọba yìí ò tiẹ̀ lè jẹ́ kéèyàn mí ni?" Háà! Ọ̀rọ̀ àwọn tí mo máa ń bá fa wàhálà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó mi sápá ọ̀tún o, sáàárín àwọn tó fẹ́ kí ìjọba má da ọrọ̀ ajé láàmú; apá òsì ni ti àwọn tó fẹ́ kí ìjọba gba lọ́wọ́ olówó kí tálákà lè rí jẹ. Lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, ọ̀dọ́mọdé tí mò ń wí yìí le koko. Ẹni tó bá jalè, kó lọ sẹ́wọ̀n, kó sì jìyà ẹ̀ dáadáa. Àfìgbà tí wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n ń wá. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọn ò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ìdánwò tó yẹ kó ṣe ti kọjá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ẹ pẹ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi agbára kún agbára ọlọ́pàá, mo máa ń ka àbá náà tinú-tẹ̀yìn.

Ẹ ó mọ àwọn ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn sórí ìlà méjì, ọ̀kan fún ètò ọrọ̀ ajé, èkejì fún òmìnira àti àṣẹ ìjọba. Lórí ti ọrọ̀ ajé, mo ti sún sí ọ̀tún. Lórí èkejì, òmìnira ni mò ń wá kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló yí tiyín padà, ẹ sì ti tó ẹni ọdún mélòó nígbà náà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má polongo ẹgbẹ́ kankan fún mi. Ìtàn ara yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Ẹni ọdún 68 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Apá ọ̀tún ni mo ti gbéra, òsì ni mò ń lọ.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ní òun ò rí jẹ, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe ń dìbò náà nìyẹn títí mo fi lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún: kí kálukú gbé ẹrù tirẹ̀. Iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù ló tú mi ká. Awakọ̀ kan wà tí wọ́n gbé wá lóru ọjọ́ kan, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a fínra. Bí mo ṣe tú aṣọ náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti dúdú, dúdú náà sì ti ń gòkè bọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀, pé òun ń dúró kí wọ́n sanwó oṣù kí òun tó wá. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ìdajì ẹsẹ̀ náà ni wọ́n gé. Mo rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò kà á mọ́. Kò sí olóṣèlú tó wá wàásù fún mi, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló wàásù.

Ó tún ku ohun kan tí mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ rí lórí rédíò. Níbi púpọ̀ láyé, àwọn tálákà kì í pẹ́ láyé tó àwọn tó rí já jẹ. Nígbà tí wọ́n bá wá ní àwọn àgbà ló fẹ́ràn apá ọ̀tún, mo máa ń béèrè pé, àwọn àgbà wo? Àwọn tó ṣẹ́kù ni. Mo ti bá wọn pa ojú àwọn yòókù dé.

Èmi nìkan kọ́ ló rìn báyìí. Elizabeth Warren, sẹ́nétọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Republican, ti apá ọ̀tún, ló forúkọ sílẹ̀ fún títí ó fi kọjá ẹni ọdún 45. Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ni, àwọn ìdílé tí gbèsè gbé lọ sílé ẹjọ́ ló sì ń ṣèwádìí lé lórí. Ó rò pé àwọn onínàákúnàá ni yóò bá ńbẹ̀. Àìsàn, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìpàdánù iṣẹ́ ló bá. Ní 1996, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ Democrat, ti apá òsì.

Ọmọ Ọdún 23

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú, ó ti sú mi kí wọ́n máa sọ fún mi pé "dúró ná, kí ìwọ náà máa san owó orí." Láti ọmọ ọdún 19 ni mo ti ń san án! Owó ilé nìkan ń gbé ìdajì owó oṣù mi lọ. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti ra ilé ló máa ń sún sápá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ilé ọ̀hún rà ná, kí a tó mọ apá tí n óò sún sí.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ pé Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, ló wí pé ẹni tí kò bá sí lápá òsì lógún ọdún kò lọ́kàn, ẹni tí kò bá sì sí lápá ọ̀tún lógójì ọdún kò lọ́pọlọ. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé ọkùnrin náà sọ ọ́. Ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an kò bá a mu. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó wọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, abẹ́ ẹgbẹ́ Conservative, ti apá ọ̀tún, ló sì wà. Ní 1904 ó sọdá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Liberal, tó wà lápá òsì wọn. Nígbà tó máa di 1924, ó ti padà wọ ìjọba Conservative. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ọ̀gá mi wọ̀n ọ́n, Churchill ò lọ́kàn nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn.

Àbá Ìwé

Ohun mẹ́ta la ń lú pọ̀ níbí: ọjọ́ orí fúnra rẹ̀, ìran tí a bí èèyàn mọ́, àti àsìkò tí gbogbo wa jọ wà. Onímọ̀ kan tí wọ́n bí ní Hungary, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, Karl Mannheim, ti kọ̀wé lé e lórí ní 1928, pé ohun tí ìran kan bá jọ fojú rí nígbà èwe wọn máa ń fi àpá sí wọn lára. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó bàlágà nígbà tí Franklin Roosevelt ti ẹgbẹ́ Democrat jẹ́ ààrẹ, ní 1933 síwájú, tí iṣẹ́ dàwátì nílé lóko, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fi ẹgbẹ́ Democrat sílẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Àwọn tó bàlágà lábẹ́ Ààrẹ Reagan ti ẹgbẹ́ Republican, ní 1981 síwájú, fì sí òdìkejì. Ẹ mú ẹni ọdún 70 láti inú ìran kọ̀ọ̀kan, ewú orí wọn lè jọra, àpá ara wọn ò jọra.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí. Ní nǹkan bíi 1935 sí 1939, Theodore Newcomb lọ ṣe àyẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bennington ní Amẹ́ríkà. Ọmọ olówó ni ọ̀pọ̀ wọn, apá ọ̀tún ni ilé wọn wà. Àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ fà wọ́n sápá òsì. Wọ́n padà lọ bá wọn ní nǹkan bíi 1960, wọ́n tún lọ ní 1984. Ilé, ọkọ, ọmọ, ọmọ-ọmọ, wọ́n ti ní gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ibi tí ilé-ìwé náà fi wọ́n sí ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì wà.

Ti Yunifásítì Michigan tún wà. Àwọn tó ń jáde ilé-ìwé girama ní 1965 ni wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn títí di 1997. Nígbà tí àwọn kan tún un tú palẹ̀ ní 2020, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí nípò. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ṣí, àwọn tó ti òsì lọ sọ́tùn-ún pọ̀ ju àwọn tó ti ọ̀tún lọ sósì. Nítorí náà, ọ̀gá àbúrò wa yìí ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó purọ́ mọ́ Churchill. Asanwó àti Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lẹ ṣọ̀wọ́n.

Èmi? Ibi tí mo wà lọ́mọ ọdún 19 ni mo ṣì wà. Mo ń pè é ní ìdúróṣinṣin. Ìyàwó mi ní orúkọ míì fún un.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ìlà tó pín ọ̀tún àti òsì gan-an ló ń rìn, èèyàn kọ́. Ní Faransé lọ́dún 1789, níbi tí orúkọ ọ̀tún àti òsì yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣòfin tó fẹ́ kí ọba lágbára láti fagi lé òfin ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún alága. Ta ló ń bára jà lórí ìyẹn níbẹ̀ mọ́? Gladstone, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ ilé aṣòfin wọn pẹ̀lú àwọn Tory, àwọn ará apá ọ̀tún ìgbà náà, ní 1832, ó sì dìde gbèjà oko ẹrú bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀ ní 1894, tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún, òun ni baba ìsàlẹ̀ àwọn Liberal. Ó rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń rìn lé lórí náà ń lọ. Reagan tó bọ́ sẹ́gbẹ́ Republican ní 1962 máa ń sọ pé òun ò fi ẹgbẹ́ Democrat sílẹ̀, pé àwọn ni wọ́n fi òun sílẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọkùnrin náà lórí nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn yé mi.

Ní 1995, mo dìde nípàdé iṣẹ́, mo ní ó yẹ kí bàbá ọmọ tuntun náà gba ìsinmi. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín tó ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan tí ọ̀dọ́ àtàgbà ń sọ ló wá dà yìí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sì ń wò mí bí ẹni àtijọ́. Mi ò sì kúrò lójú kan.

Asanwó-Oṣù

Ẹ ṣeun gan-an.

Àbá Ìwé, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò lè di gbogbo rẹ̀ ru fọ́ọ̀mù ojú-ewé mẹ́rin. Mo ti ń rọ̀ kí n tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rí pé ọjọ́ orí mú lọ lára mi ni ìgbóná: nígbà náà, mi ò lè bá ẹni tó dìbò fún òdìkejì jókòó sórí tábìlì kan. Báyìí, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ń dìbò fún àwọn tí mi ò lè fọwọ́ kàn, iṣẹ́ wọn ló sì mọ́ jù.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kan, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìlà kọ́ ló yí èrò mi padà lórí ọlọ́pàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Àbúrò ọmọ ọdún 23, àwọn ojúgbà rẹ wà lọ́dọ̀ mi níbi iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lẹ́tà náà dára, ó tiẹ̀ dára ju èyí tí èmi ń kọ nígbà tèmi lọ. Mo fọwọ́ sí i. Inú sì bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: ṣé Bàbá bá yín rìn lọ sósì, àbí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́nà?

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ta ni? Bàbá yín? Ẹgbẹ́ tó dìbò fún kí a tó ṣègbéyàwó náà ló ṣì ń dìbò fún. Ó mọ̀ pé ìbò tèmi ń pa tirẹ̀ rẹ́, èmi náà mọ̀ pé tirẹ̀ ń pa tèmi rẹ́. Lọ́jọ́ ìdìbò tó kọjá, mo ní kí a kúkú jókòó sílé, kí kálukú sinmi, ó ṣe tán, bákan náà ló já sí. Ó ní rárá, pé òun ò gbà mí gbọ́, pé bí òun bá ti sùn báyìí, mo máa yọ́ jáde.

Òótọ́ ló sọ. Mo ti wọ bàtà.